Ṣé Áyọ́ọ̀nù Mi ti Bàjẹ́ ni, àbí Iná ni Kò Tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníná. Télọ̀ ni mí. Wọ́n kọ 230V, 1000W sí ìdí áyọ́ọ̀nù mi, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò tan iná, gílóòbù á máa ṣe bàìbàì, áyọ́ọ̀nù á kàn máa yọ̀ lórí áńkárá lásán. Oníṣẹ́ iná tó wá wò ó ní mítà òun ka 160 fóltì àti 3 áńpíà, pé wáyà inú rẹ̀ ti ń kú lọ, kí n ra òmíràn. Aládùúgbò mi ní háàfù kọ́ránǹtì ni, pé ó sì ń jẹ yúníìtì ju iná gidi lọ. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Aránṣọ, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Aránṣọ wa, ẹ tọ́jú owó yín. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kà gan-an ló dá áyọ́ọ̀nù yín láre.

Ẹ mú bíró. Fóltì ni agbára tó ń ti iná, áńpíà ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí wáyà inú nǹkan ṣe ń dènà iná tó, ẹ fi áńpíà pín fóltì. Óòmù lẹ máa rí. (Orúkọ Georg Ohm, ará Jámánì tó tẹ òfin yìí jáde ní 1827, ni wọ́n fi sọ ọ́.) 160, ẹ fi 3 pín in: óòmù 53 àti díẹ̀. Ó yá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. 1000 wọ́ọ̀tì, ẹ fi 230 pín in, áńpíà 4.35. Ẹ wá fi 4.35 yìí pín 230: óòmù 52.9. Ibì kan náà la bọ́ sí. Wáyà tí wọ́n ní ó ń kú lọ kò yí padà rárá.

Wọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára tó ń di ìgbóná, ńkọ́? Ẹ sọ fóltì di ìlọ́po áńpíà: 160 lọ́nà 3 jẹ́ 480. Kò tó ìdajì 1000! Ibí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, torí fóltì ò dín dé ìdajì. Nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Ṣùgbọ́n bí fóltì ṣe ń wálẹ̀ ni áńpíà ń tẹ̀ lé e, ìgbóná sì ń pàdánù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Aládùúgbò yín sọ òótọ́ lórí háàfù kọ́ránǹtì, ó ṣi ti yúníìtì. Wákàtí kan lórí 480 wọ́ọ̀tì kò jẹ tó ìdajì yúníìtì, nígbà tí 1000 máa jẹ odindi kan. Àmọ́ ẹ ó pẹ́ lórí aṣọ, ẹ má retí èrè níbẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún oníṣẹ́ iná yín: wáyà kan ṣoṣo ni kí mítà tó ń yanu, èyí tí wọ́n fi ń ka áńpíà, gbá mú. Tó bá há méjèèjì sí i lẹ́nu, òdo ló máa kà, torí iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Kí iná pupa ara áyọ́ọ̀nù sì máa tàn nígbà tó bá ń ka fóltì. Fóltì tí wọ́n kà láìsí ẹrù (ìyẹn ohun tó ń jẹ iná) lórí iná, irọ́ ló sábà máa ń pa.

Tí ẹ bá ní fíríìjì ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ò rí bí áyọ́ọ̀nù o. Fóltì tó wálẹ̀ lè mú kí mọ́tò rẹ̀ fa áńpíà púpọ̀ sí i, kó gbóná, kó jó. Ẹ yọ ọ́ lára iná tí gílóòbù bá ti ń ṣe bàìbàì.