Èsì: Ìdí tí àmì ara Spitfire yín fi ń ṣe funfun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ní àmì róbótó tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ Spitfire yín, àwòṣe oníke ọkọ̀ òfuurufú ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń tò, ń ṣe funfun lábẹ́, ẹ sì béèrè bóyá ọ̀rinrin Ìbàdàn lásìkò òjò yìí ló fà á. Rárá o. Afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí kì í dán máa ń rí hárahára, bí ojú ò tiẹ̀ rí i, inú kòtò kéékèèké yẹn sì ni afẹ́fẹ́ ń há sí.

Ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì tó ń dán kun orí ọ̀dà náà, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó rẹ àmì sómi kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi jáde láti àárín lọ sí etí. Tó bá gbẹ tán, ẹ wá fi fáníìṣì tí kò dán parí ẹ̀.

Ọ̀rinrin ní ẹ̀bi tirẹ̀ ṣá: fáníìṣì tí ẹ bá fọ́n lẹ́yìn òjò lè ṣú bíi kùrukùru. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú dáadáa ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Gate sí i láìkọ́kọ́ dán an wò lára àjẹkù ike. Ó lè yọ́ ike!

Nǹkan kan kù. Ẹ ní Spitfire ti ìparí ọdún 1940 lẹ ń ṣe, ẹ sì kun abẹ́ rẹ̀ ní búlúù. Láti oṣù kẹfà ọdún náà, àwọ̀ ewé ṣíṣá tí wọ́n ń pè ní Sky ni wọ́n pàṣẹ fún abẹ́ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, apá kan dúdú, apá kan funfun ni. Tèmi bá ni, màá tún un kùn.