Èsì: olú funfun tí ẹ rí lábẹ́ igi kòkó

Ẹ bèèrè bóyá olú ọ̀gán tí à ń jẹ ni olú tí ẹ rí yìí. Ẹ má tíì sè é o. Olú funfun tó ní èèpá pupa rúsúrúsú lórí, tó tún ní òrùka lọ́rùn, kò jọ olú ọ̀gán lójú mi.

1. Ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ dojú orí rẹ̀ dé bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó di àárọ̀. Bí ìyẹ̀fun tó já sílẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, májèlé ni; ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bì gan-an.
2. Ẹ fi ọ̀bẹ wú òmíràn jẹ́jẹ́. Olú ọ̀gán máa ń ní gbòǹgbò gígùn tó lọ bá ilé ikán.

Bí ìyẹ̀fun bá funfun ńkọ́? Ìyẹn ò ní kó ṣeé jẹ: funfun ni ti àwọn tó ń pani jù, sísè ò sì pa oró wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi han ìyá àgbà tó ń tu olú lágbègbè yín.