Báwo ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì ṣe ń wà pẹ̀lú àwọn tó ti kàwé jáde àtàwọn alábàáṣe rẹ̀?
Iṣẹ́ ló ń so wọ́n pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ò lè gboyè láìtọ́jú aláìsàn, torí náà ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bá ilé ìwòsàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀sì tó dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù, tó ń ṣọ́ bó ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn náà ló ti kàwé jáde. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà tún máa ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sáwọn tó jáde àtàwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀kọ́ wọn. Àríyá náà wà o, pàápàá ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, Àyájọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Lágbàáyé, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ kì í sábà ráyè wá.