Ṣé Àlí ló bá Kòsọ́kọ́ wá sí Ẹ̀pẹ́ ni, àbí bàbá rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni mí, ìyẹn àwọn ará Èkó tó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, mo ti pé ẹni ọdún 58. Ọdún 1932 ni wọ́n bí bàbá mi. Bàbá tó bí bàbá mi kú ní 1961, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Àlí ni bàbá tiwọn ń jẹ́, wọ́n ní òun ló bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá láti Èkó. Ibẹ̀ ni ìtàn ilé wa pin. A ò mọ ẹni tó bí Àlí, a ò sì mọ agboolé tó ti kúrò l'Ékòó. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, nítorí náà ìtàn ìdílé ni mò ń tú lójoojúmọ́. Kí ẹ tó wá ẹni tó bí Àlí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ọdún.

Oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tó sì sá wá sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá bàbá yín, nǹkan bí 1900 ni wọ́n bí wọn. Bí Àlí bá jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tó bí wọn, a jẹ́ pé nǹkan bí 1870 ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọn ò tíì bí, báwo ló ṣe bá ọba sá? Ó lè jẹ́ pé ọmọdé ni Àlí nígbà tí wọ́n gbé e wá, tó sì darúgbó kó tó bí bàbá bàbá yín. Ìyẹn ò ṣòro, àgbà tó láya púpọ̀ ṣì ń bímọ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti já sílẹ̀ láàárín. "Bàbá wa" là ń pe gbogbo wọn, ibẹ̀ ni orúkọ kan ti ń wọnú èkejì. Mo ti rí i ní kóòtù láìmọye ìgbà.

Ẹ bi àwọn àgbà pé ọmọ kẹlòó ni bàbá bàbá yín láàárín àwọn ọmọ Àlí, àti pé ìyàwó wo ló bí wọn. Bí wọ́n bá ní àbígbẹ̀yìn ìyàwó kékeré ni, mo gbà pé Àlí gan-an ló wá. Bí wọ́n bá ní àkọ́bí ìyálé ni, ẹnìkan sọnù, òun sì ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọmọ ọba àti ìjòyè nìkan ló tẹ̀lé Kòsọ́kọ́, ẹrú wà níbẹ̀. Òṣòdì Tápà tó jẹ́ balógun rẹ̀ pàápàá, ẹrú ló kọ́kọ́ jẹ́, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ pé ilẹ̀ Tápà (Núpé) ló ti wá. Nítorí náà, orúkọ bàbá Àlí lè má jẹ́ ohun tí wọ́n gbàgbé, wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹrú ni. Èèwọ̀ ilé ni kẹ́ ẹ bèèrè, àti irú ilà tí àwọn ará àtijọ́ kọ. Ní ti oríkì, àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà ni kẹ́ ẹ lọ bá, àwọn ló fi ń kí ọmọ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fura díẹ̀: ẹrú a máa gba oríkì ilé olówó rẹ̀.

Ní 1862, Kòsọ́kọ́ padà s'Ékòó, Tápà náà padà. Àdúgbò tí Tápà àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó là ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ọmọ ìyá méjì lè pín, kí ọ̀kan dúró ní Ẹ̀pẹ́, kí èkejì bá wọn lọ.

Mùsùlùmí ni ilé yín, mo rò bẹ́ẹ̀, ìwé ìrìbọmi ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìwé ẹjọ́ ló lè ṣe é. Ẹjọ́ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1930, nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí ti máa ń to ìdílé láti orí baba ńlá. Ẹ lọ wo National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn fún ìwé ìjọba àtijọ́. Àmọ́ o, ilẹ̀ ni ẹni tó ń to ìdílé ní kóòtù ń wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó pín níbẹ̀, kò ní dárúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ilé kan l'Ẹ́pẹ̀tẹ̀dó tí èèwọ̀ àti ìtàn wọn bá tiyín mu, ìgbà náà ni àyẹ̀wò DNA wúlò: ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ yín, ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ wọn, kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọkùnrin láti orí ọkùnrin. Kí ẹ tó rí wọn, ẹ fi owó yẹn wọ ọkọ̀ lọ s'Íbàdàn.