Kẹ́ ẹ tó fi sàlẹ́ńsà tuntun sí máṣíìnì yín nílé

Ọ̀gá mi tó ní Boxer 150, ẹ ní ẹ ti ra sàlẹ́ńsà tuntun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 51, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi sí i fúnra yín lẹ́yìnkùlé, àti bóyá ẹ máa fọwọ́ kan kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Ẹ lè ṣe é. Iṣẹ́ náà kò ju wákàtí méjì lọ. Àmọ́ ibi tó le gan-an ni ẹ ò béèrè. Sàlẹ́ńsà kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nọ́ọ̀tù kékeré méjì tó di paìpù èéfín mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ló ń sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Owó gidi ni mo fi kọ́ èyí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Irin ni sítọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá kékeré olójú òwú tí nọ́ọ̀tù yẹn wọ̀, álúmíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó gbà á sára. Ojoojúmọ́ ni ibẹ̀ ń gbóná janjan tó tún ń tutù, òjò ń pa á, táyà iwájú ń ta ẹrẹ̀ sí i, torí ọ̀kánkán táyà ló wà. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, ìpẹtà ti lẹ nọ́ọ̀tù àti sítọ́ọ̀dù pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré, mílímítà 6 péré ni sítọ́ọ̀dù náà, sípánà 10 ló ń tú nọ́ọ̀tù rẹ̀. Kò nípọn tó pẹ́ńsù tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé. Tẹ́ ẹ bá gbé sípánà gígùn lé e, tẹ́ ẹ wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀tù kọ́ ló máa tú, sítọ́ọ̀dù ló máa kán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára sítọ́ọ̀dù, pàápàá ibi tó yọ síta lẹ́yìn nọ́ọ̀tù, torí ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tù máa gbà kọjá. Ẹ fín WD-40, epo inú agolo tó ń tú ìpẹtà, sí i. Tí kò bá sí, ẹ po ATF, epo jíà ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì, mọ́ tíńnà, ìlàjì-ìlàjì, kẹ́ ẹ máa kán an sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ ṣe é: ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tó sùn, àti ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fi òòlù kékeré kan nọ́ọ̀tù náà lórí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìgbà téèyàn ń kan ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn, kí epo lè rí ọ̀nà wọlé. Tíńnà máa ń gbiná kíá, ẹ má gbé iná kankan sún mọ́ ọn.

Láàárọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 onígun mẹ́fà ni kẹ́ ẹ mú. Onígun méjìlá àti sípánà ẹlẹ́nu ṣíṣí máa ń bó etí nọ́ọ̀tù. Ẹ kọ́kọ́ fún un pọ̀ díẹ̀, díẹ̀ bíi fífẹ̀ irun orí, kí ìpẹtà lè ṣẹ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó máa tú u. Ẹ yí i síta díẹ̀, ẹ dá ìlàjì rẹ̀ padà, ẹ kán epo sí i, ẹ tún yí i síta. Tó bá ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó ti ń gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tọ́wọ́ yín bá rí i pé ó ń rọ̀, pé ó ń yí bíi rọ́bà láìdún rárá, ẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan náà. Sítọ́ọ̀dù ló ń lọ́ yẹn, ìyípo tó kàn ló máa kán. Ìgbà yẹn gan-an ni inú èèyàn máa ń dùn pé ó ti tú, ayọ̀ òfìfo ni.

Tó bá ṣì kọ̀ tí kò tú, iná ló kù. Ẹ nu epo àti tíńnà kúrò kó gbẹ, ẹ bọ́ táǹkì epo kúrò lórí máṣíìnì, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn bò ó láṣọ. Ẹ ti kọ́ọ̀kù rẹ̀, ẹ sì dí ẹnu rọ́bà epo tó lọ sí kábúrétọ̀. Ẹ fi iná gáàsì kékeré yan nọ́ọ̀tù, kì í ṣe sítọ́ọ̀dù, fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Nọ́ọ̀tù á fẹ̀ díẹ̀. Bí ó ṣe gbóná yẹn, ẹ pa iná, ẹ fi àbẹ́là kan ibi tí nọ́ọ̀tù àti sítọ́ọ̀dù ti pàdé. Ẹ ó rí i bí ìda ṣe ń yọ́ tó ń fà wọlé. Ẹ wá gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Tó bá kán náà ńkọ́? Ẹ má fi ìbínú ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ṣẹ́ kù síta tó mílímítà mẹ́rin márùn-ún, ẹ wá wẹ́dà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró, kó jó nọ́ọ̀tù tuntun mọ́ kùkùté yẹn lórí. Ooru ìjó náà fúnra rẹ̀ ń tú ìpẹtà inú. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra yí i lọ sókè sódò. Ẹ tú ẹsẹ̀ bátìrì méjèèjì kí wẹ́dà tó fọwọ́ kan máṣíìnì, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná wẹ́dà lè ba CDI jẹ́.

Tó bá kán wọlé pẹ̀lú ojú álúmíníọ̀mù, ẹ bọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá oní-léètì. Àárín gbùngbùn ni kó ti sàmì, kó fi bíìtì mílímítà 3 lu ú, kó tó lo 5, kó wá fi táàpù M6, irin tó ń gé ojú òwú fún bóòtù mílímítà 6, dá ojú òwú rẹ̀ padà. Tí bíìtì bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, álúmíníọ̀mù ló máa jẹ, torí ó rọ̀ ju irin lọ. Tó bá ti bà á jẹ́, Helicoil ló ń gbà á là: òwú irin tí wọ́n ń fi kún inú ihò tí wọ́n ti lù tóbi. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi síbẹ̀ ni irin ìfàyọ tí wọ́n ń pè ní easy-out. Irin yẹn le gan-an ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀, ó máa ń kán sínú ihò, kò sì sí bíìtì lásán tó lè lu ú mọ́.

Ibí yìí ló ń múnú bí mi sí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá mẹkáníìkì. Wọ́n á gbé ṣísẹ́lì ti etí nọ́ọ̀tù, wọ́n á máa fi òòlù gbá a láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá kán, wọ́n á ní bó ṣe ń rí nìyẹn. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù irin lẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbowó, gọ́ọ̀mù á jábọ́ kẹ́ ẹ tó délé. Òmíràn á ní ẹ fi nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo máa gùn ún. Nọ́ọ̀tù kan kì í tẹ paìpù mọ́lẹ̀ dọ́gba, apá kejì á máa jò, gbogbo ìwúwo paìpù á sì wà lọ́rùn sítọ́ọ̀dù kan tó kù.

Lẹ́yìn tí paìpù bá ti bọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Òrùka bàbà kan wà níbẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Èédú ti kùn ún títí ó fi jọ ara ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fi tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ fi ẹnu ìtúbóòtù tó mú yọ ọ́ láti etí kan, ẹ ṣọ́ra kó má ha ojú álúmíníọ̀mù. Ẹ ra tuntun, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Òrùka tí wọ́n ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti pẹlẹbẹ, kò ní lè dí àlàfo mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò nílò òrùka, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, nígbà tẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ tọ́tù sílẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ó máa gbọ́ pá-pá-pá bí ọta. Wọ́n á ní kábúrétọ̀ ni, wọ́n á sì máa tú u kiri. Òrùka ni.

Ọ̀rọ̀ mílímítà 51 yín. Ẹ wọn ìta paìpù yín pẹ̀lú kálípà, ẹ má fojú wò ó. Paìpù máṣíìnì kékeré kéré sí 51 púpọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń fi sáàárín, oní-léètì lè gé e fún yín. Kó wọ orí paìpù tó mílímítà 40, kó ní ojú lílà méjì kí kíláǹpù lè fún un mọ́ra. Nítorí pé paìpù àti sàlẹ́ńsà ọ̀pọ̀ máṣíìnì wọ̀nyí ti jó pọ̀ láti ilé iṣẹ́, gígé ló kàn. Ẹ má gé ti ara máṣíìnì yín. Ẹ wá àlòkù kan rà, kẹ́ ẹ gé ìyẹn níbi tó ti tọ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ti ilé iṣẹ́ sí ilé. Ẹ fi fáìlì nu ẹnu rẹ̀ kó dán. Tó kù kò lọ́rọ̀ nínú: ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ ní dídẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fún un láti ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fún ẹ̀yìn pọ̀ ti tẹ paìpù sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ á sán láìpẹ́.

Bóòtù tó gbé sàlẹ́ńsà kọ́ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní rọ́bà bọ́ọ̀ṣì àti wáṣà ńlá. Ẹ́ńjìnnì oníhò kan máa ń gbọ̀n gan-an, irin lórí irin kò lè fara da á. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì tó wúwo jókòó sórí máṣíìnì, kẹ́ ẹ tẹ sọ́ọ̀kì rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wò bóyá sàlẹ́ńsà kan táyà, kan ọ̀pá bíréèkì, tàbí apá tó gbé táyà ẹ̀yìn dání. Ẹ jẹ́ kí ó tó ìka méjì sí ohunkóhun tó ń mì. Kẹ́ ẹ sì dì í ní irin ìbòòru lápá ibi tí ẹsẹ̀ èrò ń gbé sí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń gun ọ̀kadà ló ní àpá sàlẹ́ńsà ní ẹsẹ̀. Sàlẹ́ńsà tuntun tó tẹ́jú tí kò ní ìbòòru ló ń fi í sí wọn lára.

Nínú ìdí sàlẹ́ńsà yín, ẹ ó rí paìpù kékeré kan tí bóòtù kan mú, òun ló ń dín ariwo kù. Ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé yíyọ ọ́ ń fún máṣíìnì lágbára kò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó kì í mú ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo dání, etí wọn ni wọ́n fi ń dájọ́, kò sì sí ẹni tẹ́ ẹ lè bá jiyàn. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ń gùn ún, ẹ rántí pé láti 1 oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Sùúrùlérè wà nínú wọn, wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ariwo ni yóò tètè júwe yín fún wọn.

Kábúrétọ̀ ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá fi paìpù kékeré yẹn sílẹ̀, tẹ́ ẹ kò sì fọwọ́ kan àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ kábúrétọ̀, ẹ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ gùn ún bíi kìlómítà 20, kẹ́ ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Tí imú rẹ̀ bá pọ́n bíi kọfí tó ní mílíìkì, ó dára. Tó bá funfun bíi ẹfun, epo kéré, ooru rẹ̀ lè jó písítìnnì: ẹ fi jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré inú kábúrétọ̀ tí epo ń gbà kọjá, tó ga ju tinú rẹ̀ lọ ní nọ́ńbà kan tàbí méjì sí i. Tó bá dúdú bíi èédú, epo pọ̀ jù, ẹ má fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sí i nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹ má tan máṣíìnì wò nínú yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù tó padé. Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn kí ó tó mọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tan án, yóò rú èéfín díẹ̀, epo tí wọ́n fi ṣe é ló ń jó. Ẹ fi tíńnà nu àmì ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ kó tó gbóná, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí tíńnà náà gbẹ, torí àmì ọwọ́ tó bá ti jó mọ́ ọn kò ní kúrò mọ́. Ẹ tẹ́tí sí ìdí tọ́ọ̀pù sìlíńdà kó tó gbóná: tó bá ń ṣe tìk-tìk-tìk, ó ń jò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èédú dúdú á fi ibi tó ń jò hàn yín.

Nọ́ọ̀tù tuntun ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, onídẹ tí ẹ bá rí i, torí idẹ kì í lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ fi copper grease, gíríìsì oníbàbà tó ń fara da ooru, pa sítọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fún méjèèjì pọ̀, díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Agbára ìfúnpọ̀ niyútìn-mítà 10 tó fún M6. Tẹ́ ẹ kò bá ní sípánà tó ń wọn agbára, ẹ mú sípánà kúkúrú, kẹ́ ẹ fi ìka mẹ́ta nìkan fún un. Lẹ́yìn kìlómítà 50, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ padà lọ fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òrùka bàbà á ti tẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀tù á sì ti dẹ̀.