Kí ni wọ́n ń pè ní "square-up" nínú fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn fíìmù ìhòòhò àti igbó mímu tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un fi máa ń fi ìkìlọ̀ gbọọrọ bẹ̀rẹ̀? Mo gbọ́ pé "square-up" lorúkọ rẹ̀.

Ìdáhùn: Ohun tó túmọ̀ sí ni kéèyàn yanjú ọ̀rọ̀ kó tó dìjà. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí nínú. Ní 1915, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní òwò lásán ni sinimá, kò sí lábẹ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀rọ̀ ò yí padà títí di 1952, torí náà ìpínlẹ̀ bí Ohio àti New York lè gé fíìmù bó ṣe wù wọ́n. Olówò fíìmù á wá kọ ọ́ síwájú pé ẹ̀kọ́ lòun fẹ́ fi kọ́ àwọn òbí, kí aburú yìí lè tán láwùjọ. Ó wàásù tán, ó wá tú aburú ọ̀hún síta fún wákàtí kan.

Kroger Babb, ọ̀kan lára àwọn olówò fíìmù yìí, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Tó bá gbé fíìmù rẹ̀, Mom and Dad (1945), dé ìlú, obìnrin á wò ó lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Wọ́n á dá fíìmù dúró láàárín, ẹni tí wọ́n ń pè ní "Elliot Forbes" á gun pèpéle sọ̀rọ̀ ìlera, àwọn tó wọṣọ nọ́ọ̀sì á máa ta ìwé kiri, dọ́là kan ẹyọ kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi ibi tí obìnrin ti ń bímọ hàn. (Forbes kì í ṣe ẹnì kan o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.)

Square-up kejì tún wà, òun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Oríṣi fíìmù kan náà méjì ni wọ́n máa ń ní lọ́wọ́: gbígbóná, tí nǹkan kan ò dín níbẹ̀, àti tútù, tí wọ́n ti yọ ìhòòhò kúrò. Ìlú tí ọlọ́pàá bá ti le, tútù ni wọ́n á fi hàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé pósítà ti ṣèlérí, owó sì ti wọlé, làwọn èèyàn bá fárígá. Kí wọ́n má baà fọ́ àga, olówò á dọ́gbọ́n fi róòlù kékeré kan sínú ẹ̀rọ, òun ni square-up kejì ọ̀hún: ìhòòhò nìkan, tí kò bá ìtàn fíìmù náà tan rárá.