Ṣé kí n ra họ́mọ̀nù fún ọmọ mi tó ní autism?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ó ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀. Tí n bá ti lè sọ pé "bóyá a máa lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà lọ́la, ó dọwọ́ òjò", wàhálà dé nìyẹn, kò ní sùn. Tí mo bá wá ní kó mú ọ̀kan nínú nǹkan méjì, kò ní lè mú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra oxytocin, họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń fín símú. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó yẹn. Wọ́n ti dán an wò dáadáa ní Amẹ́ríkà, ọmọ 290, láti ọdún 3 sí 17, àwọn kan ń fín oxytocin símú lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, àwọn yòókù ń fín èyí tí ò ní oògùn nínú, èsì jáde lọ́dún 2021, bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣe ni wọ́n ń wò, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan tó ṣe gúnmọ́.

Kì í ṣe pé họ́mọ̀nù ò kàn án o. Ní London, lọ́dún 2017, wọ́n rí i pé àwọn àgbà tó ní autism máa ń gbà pé nǹkan lè yí padà ju bó ṣe ń yí lọ, ọmọlójú wọn ni wọ́n ń wọ̀n, torí noradrenaline, họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ káyà já, ó máa ń hàn níbẹ̀. Ọmọ yín ò ṣoríkunkun rárá, "bóyá" yẹn ló ń dá a lágara.

Ẹ sì jẹ́ n sọ èyí, torí ó dùn mọ́ mi: tí wọ́n bá fún wa ní £50, ká sọ pé "wàá mú £20" tàbí "wàá pàdánù £30", ọ̀kan náà ni, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ máa ń tì wá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìwádìí kan lọ́dún 2008 fi hàn pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ti àwọn tó ní autism. Ọpọlọ wọn ń ṣírò dáadáa, ẹ kàn fún un ní nǹkan tó ṣe é ṣírò.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un: "Aago 9 la máa wojú òjò. Tó bá ń rọ̀, ilé la wà. Tí ò bá rọ̀, aago 10 la máa lọ." Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yan nǹkan, méjì péré ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀, ẹ má tún ìbéèrè yẹn bi lọ́nà mìíràn, torí ìṣírò tuntun nìyẹn lójú tiẹ̀.

Tí àìsùn yẹn ò bá lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà àwọn ọmọdé nítorí àníyàn, ìyẹn ní ìtọ́jú.